Nígbà Tí VA Bá Ní Rárá: Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Lórí Owó Àìlera Ajagunfẹ̀yìntì

Ìwé tí VA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, fi ń kọ̀ láti san owó àìlera máa ń gùn, ọ̀pọ̀ ajagunfẹ̀yìntì kì í sì í kà á kọjá ibi tí wọ́n ti rí i pé wọn ò fọwọ́ sí ohun tí wọ́n béèrè. Ìbínú á dé, ìtìjú á tẹ̀ lé e, ìwé náà á wọnú àpótí lọ. Ọdún kan á fi ibẹ̀ kọjá. Ohun tó ń dùn wá jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí pé inú ìwé tí wọ́n tì mọ́nú àpótí yẹn gan-an ni VA ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n wá tí wọn ò rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ti mọ ibi tó yẹ kó gbà.

Oṣooṣù ni VA ń san owó tí à ń sọ yìí, wọn kì í yọ owó orí níbẹ̀, ó sì wà fún ẹni tí iṣẹ́ ológun ba ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan fi gíríìn káàdì wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn gba MAVNI wọlé, ètò tó ń gba àjèjì tí kò ní gíríìn káàdì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tó ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè tí iṣẹ́ ológun nílò, tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2016. Wọ́n wa ọkọ̀ ńlá, wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n sì bá ẹ̀yìn dídùn, orúnkún tó wú, etí tó ń hó àti oorun tí kò dé mọ́ kúrò níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni VA ń wá kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ ológun ló fa àìsàn kan. Àkọ́kọ́, kí dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà, kó sì wà lára yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Èkejì, kí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́: ẹ ṣubú, ẹ gbọ́ ìró àgbá lójoojúmọ́, ẹ rí ikú. Ẹ̀kẹta, kí onímọ̀ ìṣègùn sọ pé èkejì ló bí àkọ́kọ́. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọbẹ̀ lọ. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀rí kò ga rárá. Kò dà bíi ti kóòtù ọ̀daràn tó ní kí ẹ̀rí dájú ṣáká. Bí ẹ̀rí tó gbè yín àti èyí tó takò yín bá dọ́gba, 50 sí 50, òfin ní kí wọ́n fi iyèméjì náà ṣe ojúure sí ajagunfẹ̀yìntì. Ẹ̀ẹ̀melòó là ń rí ẹni tó rò pé òun gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò lè já wá, tó torí ìyẹn jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé náà. Láti ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2019, tí òfin tuntun lórí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó di dandan kí VA kọ ẹ̀rí tí wọ́n yẹ̀ wò síbẹ̀, kí wọ́n kọ òfin tí wọ́n lò, kí wọ́n sọ èwo nínú ohun mẹ́ta yẹn ni kò pé, kí wọ́n sì to ohun tí wọ́n ti gbà lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ àkọlé Favorable Findings. Abala yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ohunkóhun tó bá ti wà níbẹ̀ ti di tiyín. Ẹni tó bá tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ò lè gbà á padà, àfi tó bá hàn gbangba pé àṣìṣe ńlá ló gbé e débẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Orúnkún ni ẹnì kan béèrè fún. Lábẹ́ Favorable Findings, VA gbà pé ó ní àrùn oríkèé, wọ́n sì gbà pé ìwé ìtọ́jú ológun fi hàn pé ó ṣèṣe lórúnkún lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wá kọ̀ torí pé dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé méjèèjì ò tan mọ́ra. Kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ní irú ibí yìí? Wọ́n á tún lọ ya X-ray, wọ́n á kó ìwé ilé ìwòsàn ọdún mẹ́wàá jọ, wọ́n á kọ lẹ́tà gígùn nípa bí orúnkún náà ṣe ń dùn wọ́n. Gbogbo rẹ̀ ń fi ìdí ohun tí VA ti gbà tẹ́lẹ̀ múlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí wọ́n mú wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ dókítà tó so ìṣèṣe ìgbà náà mọ́ àrùn òní, kò sí nínú ẹrù náà. VA á tún kọ̀, ajagunfẹ̀yìntì á sì rò pé wọ́n kórìíra òun ni.

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ béèrè fún fáìlì yín. Fọ́ọ̀mù VA 20-10206 ni wọ́n fi ń béèrè, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ jù ni ìròyìn dókítà tó ṣe àyẹ̀wò tí VA ní kí ẹ lọ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní C&P, torí ìwé ìpinnu kì í sábà ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ lórí ohun tó sọ. Àṣìṣe pọ̀ nínú ìròyìn wọ̀nyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé dókítà á kọ ọ́ pé kò sí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àìsàn náà kò tibẹ̀ wá, yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Buchanan ní 2006, kóòtù sọ pé wọn ò lè ti ẹ̀rí ẹnu ajagunfẹ̀yìntì dànù kìkì nítorí pé kò sí ìwé ìṣègùn ìgbà náà. Nínú ẹjọ́ Nieves-Rodriguez ní 2008, kóòtù kejì sọ pé àlàyé tí dókítà ṣe ló ń fún èrò rẹ̀ ní ìwọ̀n. Bí ẹ bá rí ìròyìn tó parí ọ̀rọ̀ láìsọ ìdí, tó gbé ọ̀rọ̀ karí orúnkún òsì nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún lẹ béèrè fún, tàbí tí kò béèrè rárá nípa àwọn ọjọ́ tí ìrora ń le sí i, ẹ sàmì sí i. Òun ni ohun ìjà yín.

Nínú yàrá àyẹ̀wò yẹn ni àwọn ènìyàn wa sì ti ń pàdánù jù. Dókítà á wọlé, á béèrè pé báwo ni nǹkan. Ẹni tí kò tíì sùn láti ìjẹta á rẹ́rìn-ín, á ní a dúpẹ́, ara ń le. Ọmọlúàbí ni, wọn ò kọ́ ọ láti máa ka ìṣòro rẹ̀ fún àlejò ní ìkíni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n dókítà náà kì í ṣe àlejò, kì í sì í ṣe ará ilé. Ohun tó gbọ́ ló máa kọ, yóò sì kọ ọ́ pé ajagunfẹ̀yìntì náà ní ara òun yá. Á ní kó tẹ orúnkún, ọkùnrin náà á fi eyín lé eyín, á tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, torí wọ́n ti kọ́ ọ ní bàrékè pé ìrora kì í ṣe nǹkan. Àwọn obìnrin wa náà ń ṣe é, bóyá ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ sọ òtítọ́, kó sì kún. Òtítọ́ tó kún ni ti ọjọ́ tó burú jù pẹ̀lú ti ọjọ́ tó sàn, iye ìgbà tí èyí tó burú ń wáyé lóṣù, bó ṣe ń pẹ́ tó, àti ohun tí ẹ ò lè ṣe ní ọjọ́ náà: àtẹ̀gùn tí ẹ ò lè gùn, ọmọ tí ẹ ò lè gbé, iṣẹ́ tí ẹ pa jẹ. Bí wọ́n bá ń wọn bí orúnkún ṣe ń tẹ̀, ẹ sọ ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Láti ẹjọ́ DeLuca ní 1995 ni wọ́n ti ní kí dókítà máa ro ti ìrora àti àárẹ̀ mọ́ iye tí oríkèé ń tẹ̀. Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá kò kéré: orúnkún tí kò lè tẹ̀ kọjá dígírì 45 gba ìdá 10 nínú 100 (òdiwọ̀n tí VA fi ń mọ iye owó tí wọ́n á san), èyí tó dúró ní dígírì 30 gba ìdá 20.

Ti ọpọlọ tún le ju ìyẹn lọ, nítorí ẹ̀rù orúkọ tí àwọn ará ilé á pe ènìyàn. PTSD ni wọ́n ń pe àrùn tí ogun tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ abanilẹ́rù mìíràn ń fi sílẹ̀. Ìwọ̀n tí VA ń fún un, bí ó ṣe dí iṣẹ́ àti àjọṣe yín lọ́wọ́ tó ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ń sọ nípa bọ́ǹbù tó bú lọ́jọ́ náà nìkan, tí kò sọ pé òun ti pààrọ̀ iṣẹ́ léraléra, pé òun kì í lọ síbi ayẹyẹ mọ́, pé yàrá ọ̀tọ̀ ni òun ń sùn kí òun má baà fi ẹsẹ̀ lu ìyàwó òun lójú oorun, kò tíì sọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ẹ má pa àyẹ̀wò náà jẹ o. Iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló sábà máa ń ṣètò rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ ni wọ́n sì fi ń pè. Bí ẹ ò bá lọ, tí ẹ ò sì ní ìdí gidi, ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ni wọ́n fi ń ṣèpinnu, nígbà mìíràn wọ́n á kàn kọ̀ ọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti pe ẹjọ́ náà, ohun tó kù nínú ìwé ìpinnu ló sì yẹ kó yan ọ̀nà fún yín.

Bí ẹ̀rí ló kù, Supplemental Claim ni, lórí fọ́ọ̀mù 20-0995. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí tó jẹ́ tuntun sí VA, tó sì kan ọ̀rọ̀ náà. Ìwé kan ṣoṣo lè tó. Nínú àpẹẹrẹ orúnkún yẹn, ìwé dókítà tó so nǹkan méjèèjì pọ̀ ni. Nexus letter ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kí ìwé náà tó níyì, dókítà gbọ́dọ̀ sọ pé òun ti ka ìwé ìtọ́jú ológun yín àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, kó dárúkọ àìsàn náà, kó lo gbólóhùn tí VA mọ̀, ìyẹn "at least as likely as not" (ó kéré tán, bó ṣe lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀), kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láti inú ìmọ̀ ìṣègùn. Bí dókítà C&P bá ti sọ pé ọjọ́ orí ló fà á, kí ìwé náà dáhùn ìyẹn ní tààrà: kí ló dé tí orúnkún kan fi bàjẹ́ tí èkejì tí wọ́n jọ dàgbà kò bàjẹ́? Dókítà tó kọ "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ológun" lásán kò ràn yín lọ́wọ́. Kóòtù ti sọ léraléra pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wúwo.

Ẹ̀rí ẹnu náà jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n lè kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù 21-10210. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fojú rí: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, bí ẹ ṣe ń rìn ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi orúkọ àìsàn sílẹ̀ fún dókítà. Ìwé ojú kan tó sọ pé "ní Kuwait, mo rí i tó já bọ́ látorí ọkọ̀, ó sì fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì" ju ojú ewé mẹ́rin ìyìn lọ.

Bí ẹ̀rí bá ti pé tó jẹ́ pé wọ́n ṣì í kà tàbí wọ́n ṣì òfin lò, Higher-Level Review ni, lórí fọ́ọ̀mù 20-0996. Ọ̀gá kan tó ní ìrírí jù á tún gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gba ẹ̀rí tuntun rárá, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń kọsẹ̀: wọ́n á fi ìwé dókítà tuntun kún un, ọ̀gá náà kò sì ní wò ó. Ẹ sàmì sí àpótí tí ẹ fi ń béèrè ìpàdé orí fóònù, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún yín. Kí ẹ ti kọ kókó yín sílẹ̀, pẹ̀lú ojú ewé tó wà nínú fáìlì. "Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún mi kò wọn ọjọ́ ìrora" wúlò. "Mo ti sìn orílẹ̀-èdè yìí" jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò fún ọ̀gá náà ní ohun tó lè fi tún ìpinnu ṣe. Bó bá rí i pé VA kò ṣe ojúṣe wọn láti bá yín wá ẹ̀rí, á dá a padà kí wọ́n lọ ṣe é, bóyá àyẹ̀wò tuntun.

Ọ̀nà kẹta ni ti Board of Veterans' Appeals ní Washington, lórí fọ́ọ̀mù 10182, níwájú adájọ́. Ẹ lè ní kí wọ́n wo ohun tó wà nílẹ̀ nìkan, ẹ lè gba ọjọ́ 90 láti fi ẹ̀rí kún un, tàbí kí ẹ béèrè kí adájọ́ gbọ́ yín lẹ́nu, pẹ̀lú ọjọ́ 90 fún ẹ̀rí lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́. Ti ìgbẹ́jọ́ yìí ló ń pẹ́ jù. Ọjọ́ 125 ni àfojúsùn VA fún ọ̀nà méjì àkọ́kọ́. Fún Board, ọjọ́ 365 ni fún èyí tó yá jù. Lójú tiwa, ẹni tí ìwé dókítà nìkan kù fún kò ní ìdí láti lọ jókòó síwájú adájọ́.

Ọdún kan láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìpinnu ni ẹ ní. Supplemental Claim ṣeé ṣe lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa pàdánù ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ owó. Ẹni tó béèrè ní oṣù Karùn-ún 2022, tí wọ́n kọ̀ fún ní oṣù Kẹta 2023, tó sì pe ẹjọ́ kí oṣù Kẹta 2024 tó dé, bí ó bá jàre lọ́dún 2025, oṣù Karùn-ún 2022 ni wọ́n á ti kà á fún un. Bí wọ́n bá tún kọ̀, kó tún dìde láàárín ọdún kan, okùn náà kò já. Ẹni tó ti ìwé mọ́nú àpótí tó wá padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọjọ́ tó padà wá ni owó rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. A ò lè ṣe Higher-Level Review léraléra lórí ọ̀rọ̀ kan náà, a ò sì lè ti Board padà síbẹ̀. Bí ìwé kan bá ní orúnkún, etí àti ẹ̀yìn nínú, kálukú lè gba ọ̀nà tirẹ̀.

Nígbà mìíràn, wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n ìdá tí wọ́n fún yín kéré. Ẹjọ́ ṣeé pè lórí ìyẹn náà. Ẹ kàn mọ̀ pé VA kì í ro ìdá pọ̀ bí a ṣe ń ro owó: 50 àti 30 kì í di 80. Wọ́n á yọ 50 kúrò lára 100, wọ́n á wá mú ìdá 30 nínú 50 tó kù, ìyẹn 15. Ó di 65, wọ́n á sì gbé e sí 70. Ẹ tún wo ohun tí àìsàn àkọ́kọ́ bí. Orúnkún tó mú yín tiro lè ba ìbàdí àti ẹ̀yìn jẹ́; òfin gbà pé kí wọ́n sanwó fún ìyẹn náà, bí dókítà bá ti so wọ́n pọ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ̀ fún ṣáájú ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 2022 gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa òfin PACT Act tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Iraq, Kuwait tàbí Qatar láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1990, tàbí ní Afghanistan tàbí Djibouti láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, kò nílò láti fi hàn mọ́ pé èéfín ibi tí wọ́n ti ń dáná sun pàǹtírí ló fa ikọ́ fée tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, àrùn ihò imú tó ti di bárakú, tàbí oríṣiríṣi jẹjẹrẹ. Supplemental Claim ni wọ́n á fi padà wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tó pọ̀ láàárín wa, kò sí lára ti èéfín yìí o. Àwọn tí Agent Orange, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa ewéko, kàn ní ìgbà ogun Vietnam ni òfin náà fún un.

Ẹ wá ẹni tí VA fọwọ́ sí láti ràn yín lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì bíi DAV, VFW àti American Legion kì í gba kọ́bọ̀. Fọ́ọ̀mù 21-22 lẹ ó fi yàn wọ́n. Agbẹjọ́rò lè gba owó lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́ nìkan, ìdá 20 nínú 100 owó ẹ̀yìn (owó tí VA ti jẹ yín sẹ́yìn) ni òfin sì kà sí iye tó tọ́. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí ìkànnì VA, ẹ wá a kí ẹ tó bu ọwọ́ lùwé. Ẹni tó bá béèrè fún ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì VA yín, tó fẹ́ gba owó oṣù mélòó kan nínú ohun tí ẹ bá rí, tó sì ń ṣèlérí ìdá 100 kó tó ka fáìlì yín, ẹ sá fún un, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú yín.

Bí Board náà bá kọ̀, kóòtù ńkọ́? Court of Appeals for Veterans Claims ti wà láti 1988 fún irú rẹ̀, ọjọ́ 120 lẹ́yìn ìpinnu Board lẹ sì ní láti gbé e lọ síbẹ̀. Kóòtù náà gan-an ni ìwé gbọ́dọ̀ dé. Agbẹjọ́rò ṣe pàtàkì níbẹ̀, nígbà púpọ̀ ìjọba ló sì ń sanwó rẹ̀ bí ẹ bá jàre.

Ẹni tó ti padà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì Pittsburgh ló ń bójú tó ìwé àwọn tó wà nílẹ̀ wa, Foreign Medical Program sì ń san owó ìtọ́jú àìsàn tí VA ti gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà. Ẹ fi àdírẹ́sì tuntun tó VA létí, kí ẹ sì máa wo àkáǹtì yín lórí VA.gov, torí ọdún kan yẹn ń kà bí ìwé bá tilẹ̀ ń rìn gbéregbère lọ́nà. Bí ajagunfẹ̀yìntì bá sì kú kí ẹjọ́ tó parí, ìyàwó tàbí ọkọ, ọmọ tó ṣì kéré, tàbí òbí tí ajagunfẹ̀yìntì náà ń gbọ́ bùkátà wọn lè bọ́ sí ipò rẹ̀, bí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù 21P-0847 ránṣẹ́ láàárín ọdún kan. Òfin ibi tí tọkọtaya ń gbé nígbà ìgbéyàwó ni VA ń wò, nítorí náà ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà lè dúró. Bí ẹ ò bá ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹni méjì tó wà níbi ìdána náà búra sí ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra náà sínú fáìlì nígbà tí ajagunfẹ̀yìntì ṣì wà láàyè.